Ẹ gbé omi dání tẹ́ ẹ bá ń lọ gun kẹ̀kẹ́ ní Moab

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Houston ni mò ń gbé, èmi àtàwọn ọmọ mi gbé kẹ̀kẹ́ wa lọ sí Moab ní Utah lọ́dún tó kọjá, àpáta pupa ló yí ìlú yẹn ká, ó rẹwà gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fáwọn èèyàn wa tó fẹ́ lọ pé kí ẹni tí ò tíì mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa má kọ́kọ́ lọ sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Slickrock, òótọ́ ni pé òun ló lókìkí jù, ó lé díẹ̀ ní máìlì 10 péré, àmọ́ orí àpáta lásán ni, ẹ̀ẹ́ gòkè ẹ̀ẹ́ tún sọ̀ kalẹ̀ ṣáá, àmì ọ̀dà funfun tí wọ́n kùn sórí àpáta lẹ máa tẹ̀ lé.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ àtòkúta wẹ́wẹ́ lẹ fẹ́, White Rim ni, nǹkan bíi máìlì 100, ẹ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ ná. Kò sómi mímu lọ́nà yẹn rárá! Ẹ má sì tẹ yẹ̀pẹ̀ dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, nǹkan ẹlẹ́mìí ló wà nínú ẹ̀, tó bá bà jẹ́, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó sàn.