“0 sí 4” kò wà fún ẹni tí wọ́n ti yọ prostate rẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn bàbá létí, pàápàá àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí jẹjẹrẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀). Láàbù la ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo níbí, ọ̀rọ̀ náà sì ń ká wa lára.

Ẹ wo ìwé èsì PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ yìí. Iye tí ẹ̀rọ rí ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ng/mL tí í ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni “0 – 4” tí wọ́n tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tó dáa. Bí ẹ̀rọ bá rí 0.8, kò ní sí àmì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá á ká ìwé sápò, á dúpẹ́, á gbalé lọ. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tí prostate rẹ̀ ṣì wà lára ni wọ́n ṣe 0 sí 4 yẹn fún. Ẹni tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ tán, 0.8 ti pọ̀ jù fún un.

Prostate ló ń mú PSA jáde. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ohun tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á máa fi ìdajì dín ní ọjọ́ 2 sí 3, títí ẹ̀rọ ò fi ní í rí i mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kánjú ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àjẹkù ti tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ á bá, gbogbo ilé á sì dàrú lásán. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù 3 sí 6 síra wọn fún ọdún 2 àkọ́kọ́, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí di ọdún karùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, àfi bí dókítà bá sọ ohun mìíràn.

Bí iye náà bá dé 0.2, tí wọ́n tún un ṣe tí kò wálẹ̀, a jẹ́ pé àrùn náà ti fẹ́ máa padà bọ̀, bí ibì kankan ò tilẹ̀ dun bàbá. Ọ̀nà ṣì wà. Kí ó tó kọjá 0.5 ni fífi ìtànṣán ẹ̀rọ tọ́jú ibẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ jù. Àkókò yìí gan-an ni “0 sí 4” ń jẹ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Láàbù kan náà ni kí ẹ máa lò. Ẹ̀rọ kan kò lè rí ohun tó kéré sí 0.1, “<0.1” ló máa kọ, òmíràn á rí 0.03. Ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ ní Ìgbọ̀nà, tó wá ṣe èkejì ní Òkè-Fìà, á rò pé nǹkan ti ń hù padà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ló yàtọ̀. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn irun tàbí èékánná tí biotin (irú fítámì kan) pọ̀ nínú rẹ̀, kó sọ fún wa kí a tó gba ẹ̀jẹ̀: ó lè mú kí àwọn ẹ̀rọ kan pe iye náà ní kékeré.

(Ọ̀rọ̀ wa ò kan àwọn tí wọ́n kàn gé díẹ̀ lára prostate wọn torí pé ó wú, tí ìtọ̀ ò já geere. Èyí tó kù lára wọn ṣì ń mú PSA jáde.)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ ọjọ́, iye àti orúkọ láàbù sí i, kí ẹ máa mú un lọ bá dókítà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù yín: “Ṣé wọ́n ti yọ prostate?” Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má tẹ 0 sí 4 sí èsì ẹni náà mọ́.

Àwa òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀,
Òṣogbo.