Ọmọ-Ọ̀dọ̀ Nìkan Kọ́ Ló Ń Sọ Èkìtì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ojú ewé àwọn òṣèré ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín, àmọ́ àwọn tó ti dé òkè nìkan ni mò ń rí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwa tá a ṣì ń tò lórí ìlà níbi ọdíṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń ṣa òṣèré, láyè díẹ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí, Agége ni mò ń gbé. Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n tíátà ló wà lọ́kàn mi.

Fún ẹni tí kò bá débẹ̀ rí, bó ṣe máa ń rí nìyí. Ìkéde á jáde lórí WhatsApp tàbí Instagram. A ó kóra jọ láàárọ̀ kùtù sí gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè tàbí Ìkẹjà, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ wa láyà, wọ́n á há bébà fún wa pé ká kọ́ ọ sórí. Tó bá kàn ọ́, wàá sọ orúkọ rẹ àti bó o ṣe ga tó, wàá kọjú sọ́tùn-ún, wàá kọjú sósì, káàmẹ́rà ń wò ọ́, lẹ́yìn náà lo ó tó ṣeré. Kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn kan ń gba owó fọ́ọ̀mù ká tó wọlé. Èmi kì í san án, mi ò sì ní fi lẹ́tà yìí sọ tìyẹn. Ọ̀rọ̀ ohùn ló ká mi lára.

Níbi ọdíṣọ̀n kan, ipa olorì tí ọmọ rẹ̀ kú ni wọ́n fún mi. Ìlú kan lẹ́bàá àpáta nílẹ̀ Èkìtì ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ìyá ìyá mi ni mo rántí, bó ṣe ń dárò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú àbúrò rẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe sọ ọ́, lédè Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ sọ Yorùbá gidi." Mo tún un sọ bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ṣe máa sọ ọ́, ìyẹn Yorùbá tó sún mọ́ ti Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ó dáa. Mo ti ń jáde lọ tẹ́ni tó rẹ́rìn-ín yẹn fi pè mí padà: ó ní ohùn mi àkọ́kọ́ máa bá ọmọ-ọ̀dọ̀ inú eré náà mu, ó máa pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ̀yin Olóòtú, ọba Èkìtì á sọ Ọ̀yọ́, olorì rẹ̀ á sọ Ọ̀yọ́, ẹni tó ń fọ abọ́ wọn nìkan ni yóò wá sọ èdè ìlú! Mo kọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ mo nílò owó náà gan-an. Kì í ṣe pé mò ń kẹ́gàn ipa kékeré o. Mo ti ṣe wáká-pàásì, ìyẹn kéèyàn kàn rìn kọjá níwájú káàmẹ́rà, mo ti gbé omi wọlé fún àlejò láìsọ ọ̀rọ̀ kan, inú mi sì dùn.

Ṣé ọmọ Ọ̀yọ́ nìkan ló dá tíátà yìí sílẹ̀ ni? Òkè-Mẹ̀sí nílẹ̀ Èkìtì ni wọ́n bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sí ní 1925. Ìjẹ̀bú ni Ògúńdé. Ìgbómìnà ni Adé Afọláyan tí a mọ̀ sí Adé Love. Bàbá Sàlá, ọmọ Ilẹ́ṣà, pa wá lẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló mú ìjánu ẹ̀rín náà lọ́wọ́. Láyé wọn, ọmọ iṣẹ́ á máa bá ọ̀gá rìn láti ìlú dé ìlú. Kí ipa tó kàn án, ọ̀gá ti mọ gbogbo ohun tí ohùn rẹ̀ lè ṣe. Àwọn tó ń ṣa òṣèré lónìí ò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ni.

Mo mọ obìnrin kan tó ń ṣe é bó ṣe yẹ. Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí i, ó pè mí, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lédè Èkìtì àti bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ó ní nígbà tí mo sọ Èkìtì, ó dà bíi pé ẹni tí mò ń bá wí wà níwájú mi. Mi ò rí ipa náà gbà, torí òṣèré tí èrò ń tẹ̀ lé rẹpẹtẹ lórí Instagram ni olówó eré fẹ́. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló pè láti sọ fún mi, àwọn tó pọ̀ jù kì í pè rárá. Ó tún ní kí n wá kọ́ òṣèré náà ní Èkìtì. Mo lọ, wọ́n sanwó fún mi, ọ̀gá òṣèré yẹn sì ń bi mí léèrè títí ohùn rẹ̀ fi gún régé.

Ẹ wò ó, ó ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ń pe ọdíṣọ̀n, kó kọ irú ẹ̀ka èdè tí eré náà fẹ́ sínú ìkéde. Tí ìtàn bá jẹ́ ti Èkìtì tàbí ti Oǹdó, kí wọ́n pe ọdíṣọ̀n ní Adó àti Àkúrẹ́ náà, kó má jẹ́ Èkó nìkan. Àwọn kan á ní òǹwòran ò ní gbọ́ ọ. Ṣebí wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fíìmù Yorùbá fún àwọn tó ń wò ó lórí Netflix? Ẹni tí kò bá gbọ́ Èkìtì á kà á níbẹ̀.

Ẹ̀yin lẹ ń bá àwọn tó ni fíìmù sọ̀rọ̀, ẹnu wa ò tó wọn. Tẹ́ ẹ bá tún pàdé wọn, ẹ bá wa bi wọ́n bóyá ọba Èkìtì máa sọ Èkìtì nínú èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde.

Èmi ni tiyín,
Òṣèré ọmọ Ìkẹ́rẹ́,
Agége, Èkó.