Lẹ́tà sí Àdùkẹ́

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé ẹ wà dáadáa, ṣé òtútù London ti rọlẹ̀ díẹ̀? Káyọ̀dé ti bímọ o, ọkùnrin ni, wọ́n sì ti kan páànù ilé Màmá tán.

Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ. Títọ̀ tó ń tọ̀ sílé yẹn, tí wọ́n ń pè é ní àtọ̀ọ́lé kiri agboolé, kì í ṣe agídí rárá. O rántí irun tó wà níbàdí ẹ̀ látìgbà tá a ti bí i, tí Màmá ní àmì orí ire ni? Abẹ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní MRI fi hàn pé eegun ẹ̀yìn ẹ̀ nísàlẹ̀ ò pàdé, ọ̀rá wá so okùn iṣan inú ẹ̀ mọ́lẹ̀, bó ṣe ń ga ni okùn yẹn ń fà, bẹ́ẹ̀ òun ló ń darí àpò ìtọ̀. Awọ bò ó, kò sí egbò kankan, ta ni ì bá mọ̀?

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n tú okùn náà sílẹ̀, ọmọ náà ń sáré bí ẹṣin báyìí, ọpẹ́ ni. Àpò ìtọ̀ ẹ̀ ni ò tíì gbọ́, kì í dà tán, ó sì máa ń le gan-an nínú débi pé ìtọ̀ ń padà gòkè lọ bá kíndìnrín, ẹ̀rù ìyẹn ni ò jẹ́ kí n sùn, torí kíndìnrín kì í pariwo kó tó bàjẹ́. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin la máa ń ki rọ́bà bọ̀ ọ́ láti fa ìtọ̀ jáde, ó sì ń lo oxybutynin, oògùn tó ń dẹ àpò ìtọ̀. Nọ́ọ̀sì ní láti 1972 tí dókítà Lapides ti kọ ọ́ síwèé l'Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mọ̀ pé kí rọ́bà náà ṣáà ti mọ́ ti tó, ká fọwọ́ dáadáa. Àdùkẹ́, ó ti ń fi dígí ṣe é fúnra ẹ̀! Ọmọ kékeré yẹn! Tíṣà ẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìtọ̀ àwọn tíṣà, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Skáànì kíndìnrín àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò ní tán láyé ẹ̀, wọ́n ní okùn yẹn tún lè so padà tó bá ń dàgbà.

Jọ̀ọ́, tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá ń bọ̀ ní Kérésì, bá mi ra rọ́bà ìtọ̀ ti ọmọbìnrin, nọ́ńbà 10, èyí tí ò ní latex, ìyẹn oje igi rọ́bà, rárá, torí latex máa ń bá ara àwọn ọmọ tí eegun ẹ̀yìn wọn rí báyìí jà. Wíwọ́n tó wọ́n níbí kọjá sísọ. Sọ iye ẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí màmá ẹ.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́