Nọ́ọ̀sì tuntun náà lè ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka àkànṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni pé kó kọ́kọ́ lo ọdún kan tàbí méjì ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò kó tó ronú kan tíátà, ICU (ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), ẹ̀ka ìfọ̀ kíndìnrín tàbí ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé. Lójú àwa tí a ń kọ́ wọn níṣẹ́, ààbọ̀ òótọ́ ni. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù dára, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó bá ní ètò ìkọ́ṣẹ́ fún ẹni tuntun máa ń gbà wọ́n tààrà. Ibi tí kò bá ti sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n sá fún.

Ilé ẹ̀kọ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tọrọ ẹ̀ka tó wù ú fún ìkọ́ṣẹ́ ìkẹyìn rẹ̀, torí mátíróònù tó ti rí ọwọ́ ẹni máa ń rántí ẹni. Agbo-agbo ni wọ́n sì ń gba ẹni tuntun. Fọ́ọ̀mù lè jáde kí ìdánwò àṣekágbá tó parí, ẹni tó bá ń dúró de ìwé àṣẹ kó tó béèrè lè rí i pé agbo ti kún.

Nínú CV, “mo ti ṣe tíátà rí” kò sọ nǹkan kan. Kí wọ́n kọ iye wákàtí, irú aláìsàn, àti ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe lábẹ́ àbójútó. Kí ìwé ẹ̀rí BLS, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ nípa dídóòlà ẹ̀mí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ lílù dúró, wà nílẹ̀. ACLS, tó jẹ́ ìpele tó ga jù ú lọ, lè dúró. Àwọn ilé ìwòsàn kan ló ń san owó rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ wọn.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló ń dá ọ̀pọ̀ padà. A lè bi wọ́n pé: aláìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti tíátà dé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já láti 120/70 sí 88/50, ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 124 ní ìṣẹ́jú kan, kí lẹ máa ṣe? “Màá pe dókítà” ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á sì dákẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ bá dókítà sọ? Kí wọ́n ké sí ẹni tó wà nítòsí, kí wọ́n wo èémí rẹ̀ àti bóyá ó ń dáhùn, kí wọ́n ṣí aṣọ wo ojú ọgbẹ́ àti páìpù tó ń fa ẹ̀jẹ̀ (ẹ̀jẹ̀ máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn), kí wọ́n rí i pé ojú ọ̀nà dírípù ṣí. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n pè é ní ìlànà SBAR: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó ṣáájú, ohun tí wọ́n rò pé ó fà á, ohun tí wọ́n ń fẹ́.

Ìṣirò oògùn ńkọ́? Ká ní dopamine (oògùn tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè) 400 mg wà nínú omi dírípù 250 mL, aláìsàn wọn 70 kg, wọ́n ní kó máa gba 5 máíkírógíráàmù fún kílò kan ní ìṣẹ́jú kan. 5 lọ́nà 70 jẹ́ 350; lọ́nà 60, ó di 21,000 ní wákàtí kan. 1,600 máíkírógíráàmù ló wà nínú mL kan, nítorí náà 13.1 mL ní wákàtí ni. Ẹni tó bá gbàgbé 60 yẹn á kọ 0.2. Ẹni tó bá da mg pọ̀ mọ́ máíkírógíráàmù á ṣìṣe ní ìlọ́po 1,000. Kí wọ́n kọ ìṣirò náà sójú ìwé, a fẹ́ rí i.

Kí àwọn náà bi wá léèrè. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ìkọ́ṣẹ́? Ṣé nọ́ọ̀sì àgbà kan ṣoṣo ni wọn yóò máa tẹ̀ lé? Ní gbogbo àsìkò yẹn, ṣé wọ́n á ti máa kà wọ́n mọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́? Bí ìdáhùn ìkẹyìn yìí bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀, àìtó òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń dí. Kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé, kí wọ́n wá ibi tí àdéhùn ti sọ iye tí wọn yóò dá padà bí wọ́n bá tètè lọ, àti bóyá iye náà ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù.

Àwa nọ́ọ̀sì àgbà tí a ń kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́