Àlejò ò tíì júbà tán tí ẹ fi gba ẹnu rẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ bá wa bi àwọn tó ń darí ètò ní ilé iṣẹ́ rédíò wa léèrè: kí ni wọ́n ń pe oníjàálá wá sí sítúdíò fún? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan n'Ìbàdàn kéde pé òun máa fi odindi wákàtí kan jíròrò lórí ìjálá. Ẹ wo bí wákàtí náà ṣe lọ. Àwọn tó ń yẹ ìwé ìròyìn wò kò tètè dìde, ìṣẹ́jú 14 ni wọ́n jẹ mọ́ ọn. Ìpolówó ọjà gba 12. Orin ìfilọ̀, ìkíni àti orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ gba 5. Àwọn tó pè wọlé lórí fóònù gba 18. Ìṣẹ́jú 11 péré ló ṣẹ́ kù fún àlejò, àní nínú 11 yẹn náà, ó ń júbà lọ́wọ́ ni wọ́n gba ẹnu rẹ̀ láti polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Ẹni tó bá mọ ìjálá mọ̀ pé ìbà kì í ṣe ìkíni tí èèyàn lè gé kúrú. Ibẹ̀ ni ọdẹ ti ń wárí fún Ògún àti fún àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́, kó tó bọ́ sórí oríkì orílẹ̀ àti oríkì ẹranko. Bí ẹ bá já a lágbede méjì, àtìbẹ̀rẹ̀ ni yóò ti tún un mú. Bàbá náà sì tún un mú lóòótọ́, ni atọ́kùn ètò bá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sórí kókó. Kókó wo? Ìjálá tí wọ́n ń sun gan-an ni kókó.

Ẹ̀rọ pàápàá kò gbè wọ́n. Oníjàálá kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ohùn rẹ̀ máa ń ga lójijì. Bí gbohùngbohùn bá wà ní ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbé e fún olóṣèlú, ohùn á fọ́, ẹ̀rọ tó ń dín ariwo ohùn kù á sì fa gbogbo rẹ̀ wálẹ̀ títí á fi dà bí ẹni pé inú ìkòkò ló ti ń kígbe. Kí wọ́n sún un sẹ́yìn tó gígùn apá kan, kí wọ́n fún onílù ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì dán an wò kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ òṣèlú bí wọ́n bá ń yẹ ìwé ìròyìn wò. Ṣùgbọ́n òṣèlú tó ń jẹ àsìkò oníjàálá yìí, ṣé wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é dáadáa ni? Ìwé ìròyìn á kọ ọ́ pé adájọ́ gba onídùúró ẹnì kan, lórí afẹ́fẹ́ á di "wọ́n ti dá a sílẹ̀". Ẹni tí wọ́n gba onídùúró rẹ̀ ṣì ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ti bọ́. Ìwé ìròyìn á ní wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀gá kan pé ó kówó jẹ. Lórí afẹ́fẹ́, ó ti kówó jẹ nìyẹn. Bílíọ̀nù á di mílíọ̀nù. Ohun tó ń fà á ò fara sin: àkọlé nìkan ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí ojú wọn ṣe ń bá a. Bí atọ́kùn bá fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ètò mú àkọlé mẹ́fà, tó ka ìpínrọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ sí etí ìwé, ìdajì àṣìṣe yẹn ò ní wáyé. Mẹ́fà ti tó. Ta ló fẹ́ gbọ́ ogójì àkọlé?

Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Láyé àpótí rédíò oníwáyà Rediffusion tó dé Ìbàdàn ní 1939, bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní báyìí, èsì ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. "Hẹ́lò? Ṣé mo ti wọlé?" "Ẹ ti wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí rédíò yín wálẹ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kí atọ́kùn, kí ẹlẹ́rọ, kí ìyàwó ilé, kí ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ètò, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já. Àlejò jókòó, ó ń wò.

Ìdí tí rédíò ẹni tó ń pè fi gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ rọrùn. Ilé iṣẹ́ tó bá mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi ẹ̀rọ dá ohùn dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje kó tó jáde, kí wọ́n lè fi bọ́tìnnì kan pa èébú tàbí ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ rẹ́. Ẹni tó bá ń fetí sí rédíò nígbà tó ń pè á wá máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méje, ọ̀rọ̀ á sì dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Níbi tí wọn ò ti ní ẹ̀rọ yìí, tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n gbé síwájú gbohùngbohùn, híhu ni ohùn máa ń hu, fóònù náà á sì máa dún tìrìrì wọ inú ètò. Wáyà ni kí wọ́n fi so fóònù mọ́ míkísà, ẹ̀rọ tó ń da ohùn pọ̀, kí wọ́n sì rí i pé ohùn tí míkísà ń dá padà fún ẹni tó ń pè kò ní ohùn tirẹ̀ nínú.

Ohun tó máa tún gbogbo èyí ṣe kò wọ́n: ẹnì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa gbé fóònù kí ìpè tó dé etí atọ́kùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni kó bi wọ́n: orúkọ yín, àdúgbò yín, kí lẹ fẹ́ sọ ní gbólóhùn kan? Ẹni tí ò bá lè fi gbólóhùn kan sọ ọ́ kò tíì ní ọ̀rọ̀. Kó ní kí wọ́n kúrò nídìí rédíò, kó gba ìkíni wọn níbẹ̀ yẹn, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó tì í síwájú atọ́kùn. Kó máa fi èèyàn méjì sórí ìlà nígbà gbogbo, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹnì kan bá já, èkejì ti wà ní sẹpẹ́. Kí ìpè má bẹ̀rẹ̀ títí ìṣẹ́jú 35 á fi kọjá. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ẹnì kan, kí aago dún nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú àáyá 15. Nínú ìṣẹ́jú 15, èèyàn mẹ́wàá ti sọ̀rọ̀. Kó sì ní ìwé nọ́ńbà: ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tí olóṣèlú ń fún lówó káàdì láti máa pè láràárọ̀ ò ní fẹ́ràn èyí. A mọ ohùn wọn.

Àjọ NBC, àwọn aláṣẹ tó yẹ kó mójú tó ilé iṣẹ́ rédíò ńkọ́? Owó ìtanràn ni wọ́n mọ̀. Ní 2020, wọ́n gbé ti ọ̀rọ̀ ìkórìíra kúrò ní ₦500,000 lọ sí ₦5,000,000. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá ní àjọ náà kò lágbára láti máa bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ lórí. Nínú gbogbo fàmí-n-fà-ọ́ yìí, kò sí ọ̀gá kankan tó bèèrè iye ìṣẹ́jú tí àlejò fi sọ̀rọ̀.

Ìbàdàn yìí kan náà ni WNBS, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ayé ọjọ́un, wà, níbi tí akéwì bíi Adébáyọ̀ Fálétí àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ ti ṣiṣẹ́. Ọmọ ilé ni akéwì nígbà náà, kì í ṣe àlejò oníṣẹ́jú 11.

Kí wọ́n máa san owó ọkọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n bá pè. Kí wọ́n sì máa sọ ọ́ síta bí olóṣèlú bá ra wákàtí.

Ní ti oníjàálá ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ilé iṣẹ́ náà pè é padà, kó júbà rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì ìpolówó.

Èmi ni tiyín,
Olùgbọ́ rédíò kan, Òkè-Àdó, Ìbàdàn