Ẹ jọ wo fíìmù yìí, jọ̀ọ́

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà lọ́hùn-ún? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, gbogbo ẹnu ọ̀nà yín funfun báláú, òtútù ń mú mi bí mo ṣe ń wò ó. O ní kí n bá ẹ wá fíìmù kan tí bàbá, ìwọ àtàwọn ọmọ lè jọ jókòó wò tí ẹnikẹ́ni ò ní máa sáré gbé rìmóòtù láti fo ibì kankan. Mo ti rí i o. Sun Valley Serenade lorúkọ ẹ̀, 1941 ni 20th Century Fox gbé e jáde, dúdú àti funfun ni, kò tó wákàtí kan ààbọ̀.

Ìtàn ẹ̀ ò le rárá. Máníjà báńdì kan ní New York fẹ́ kí orúkọ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn, ló bá ní kí Ted tó ń tẹ dùùrù gba ọmọ kan tọ́ nínú àwọn tí ogun lé kúrò ní Norway (ogun gidi nìyẹn o, Jámánì ti wọ Norway láti 1940), wọ́n dé Ellis Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọlé ní New York, wọ́n ń retí ọmọ kékeré, àfi gbàgà, omidan tó ti tó ilé ọkọ ló yọ sí wọn, òun náà sì ti pinnu pé Ted lòun máa fẹ́, bẹ́ẹ̀ Ted ti ní àfẹ́sọ́nà tó jẹ́ akọrin báńdì. Milton Berle ló ṣe máníjà yẹn, wàá rẹ́rìn-ín. Sonja Henie ni omidan náà, ọmọ Norway gidi, góòlù Olympics mẹ́ta ló gbà lórí yìnyín, 1928, 1932 àti 1936.

Báńdì yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa. Glenn Miller, gbajúmọ̀ olórí báńdì ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, fúnra ẹ̀ ni, òun àtàwọn ọmọ báńdì ẹ̀, orúkọ lásán ni wọ́n yí padà fún un nínú fíìmù. Tí wọ́n bá ń lu orin Moonlight Serenade, fetí sí i: fèrè clarinet ló ń lé orin, àwọn saxophone wá ń gbè é lábẹ́, ohùn yẹn ló fi yàtọ̀ sí gbogbo báńdì ìgbà yẹn. Bàbá á mọ̀ ọ́n lára, torí irú orin báyìí náà ni Bobby Benson ń ṣe l'Ékòó lẹ́yìn 1947 kó tó kọjú sí háíláìfù.

Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń fi orin Chattanooga Choo Choo dánra wò, jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má dìde lọ ibì kankan. Àwọn fèrè á kọ́kọ́ máa mí hẹlẹhẹlẹ, rélùwéè ń gbéra nìyẹn, Tex Beneke á gbé saxophone ẹ̀ sílẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, Paula Kelly àtàwọn Modernaires, àwọn akọrin báńdì náà, á máa dá a lóhùn, o rò pé ó ti parí, àṣé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rélùwéè kan á yọ, Dorothy Dandridge, òṣèrébìnrin dúdú, á jáde síta, kò tíì pé ogún ọdún nígbà yẹn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò Nicholas, Fayard àti Harold, àwọn oníjó dúdú, á wá bá a. Háà! Wọ́n ń fẹsẹ̀ jó, wọ́n ń fọwọ́ jó, ojú wọn pàápàá ń jó. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn nílé-ìwé ijó kankan o, bàbá wọn ń lùlù nínú báńdì tíátà, ìyá wọn ń tẹ dùùrù níbẹ̀, Fayard kàn ń jókòó wo àwọn oníjó ni títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dùn mí ni pé tí orin yẹn bá ti tán, o ò ní rí wọn mọ́. Kò sẹ́ni tó bá wọn sọ̀rọ̀, ìtàn yẹn ò fún wọn lórúkọ. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fáwọn èèyàn dúdú ní Hollywood nígbà yẹn nìyẹn, wọ́n á yọ ijó wọn sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn, kó lè rọrùn fáwọn sinimá ìhà gúúsù Amẹ́ríkà láti gé e dànù. Inú mi ò lè dùn sí i láéláé. Torí náà tó o bá débẹ̀, dá fíìmù dúró, sọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fáwọn ọmọ, sọ fún wọn pé Dorothy yìí náà ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn láti du Oscar òṣèrébìnrin tó dára jù, torí fíìmù tó ṣe ní 1954.

Orin Chattanooga Choo Choo yẹn tà ju mílíọ̀nù kan àwo lọ, wọ́n fún Miller ní àwo góòlù ní February 1942. Ó wọ iṣẹ́ ológun lọ́dún yẹn náà, December 15, 1944 ló wọ bàálù láti England ó ń lọ Paris, wọn ò rí i mọ́ dòní.

Ní ìparí fíìmù náà, Sonja ń jó lórí yìnyín tí wọ́n pa láró dúdú, ọmọbìnrin ẹ á fẹ́ràn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó tán, fi vóìsì ránṣẹ́, kí bàbá náà sọ̀rọ̀ síbẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nípa clarinet yẹn. Bá mi kí wọn dáadáa.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ