Lórí àwọn àmì GPS tí a ń fi ránṣẹ́ síra wa fún ìrìn orí òkè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìrọ́jú. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi òpin ọ̀sẹ̀ gun òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, inú mi sì dùn sí i, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́ọ́gíráfì ní Iléṣà níbí, èmi náà kì í jókòó sílé lọ́jọ́ Sátidé bí orúnkún bá gbà fún mi. Ohun kan ni ẹ kò mẹ́nu bà tí mo fẹ́ fà yọ, òun ni bí a ṣe ń fi àwọn àmì GPS, ìyẹn nọ́ńbà tí fóònù fi ń mọ ibì kan nípasẹ̀ sátẹ́láìtì, èyí tí àwọn arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ ń pè ní waypoint, ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù láìsọ ìgbà tí a mú un, láìsọ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, àti láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀.

Nínú oṣù Èrèlé tó kọjá, àwa márùn-ún gbéra láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, a gba ẹ̀gbẹ́ Olúmirìn, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, gòkè ní ìpele-ìpele, èrò wa sì ni pé a óò sùn lórí òkè, kí a sì rìn já Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lọ́jọ́ kejì. Ẹnì kan ti fi àkójọ àmì mẹ́tàdínlógún ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Wọ́n kọ “Omi” sí ara àmì karùn-ún, wọn kò sì kọ ohunkóhun mọ́ ọn. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. Fóònù mi ní mítà mẹ́ta péré ló kù, mo sì wolẹ̀: òkúta, ewé gbígbẹ, àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́rin tí àwọn tó ṣáájú wa ti mu tán tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ọ̀rá náà ló jẹ́ kí n gbà pé a kò ṣìnà.

Ibi tí a ti ń wo ojú ara wa ni ìyá arúgbó kan ti já sí wa, ẹrù igi lórí rẹ̀. A kí i. Ó béèrè ohun tí à ń wá, mo sì sọ fún un. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, odò tí òjò ń bí lẹ wá bẹ̀ wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí? Ẹ padà wá lóṣù Agẹmọ.” Ó wá nawọ́ sí àfonífojì kan lápá ọ̀tún, ó ní kí a máa wá ibi tí ọ̀pẹ bá ti ṣù jọ. A rìn tó ogún ìṣẹ́jú, a sì bá omi, ó ń sun láti abẹ́ àpáta, ó tutù nini.

Ẹni tó sàmì sí ibi àkọ́kọ́ yẹn kò parọ́. Nígbà tí mo délé, mo ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà. Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní GPX ni, èyí tí ó ti wà láti ọdún 2002, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ áàpù máàpù sì lè kà. Ààyè wà nínú rẹ̀ fún orúkọ, fún àlàyé, fún bí ilẹ̀ ṣe ga tó àti fún àkókò. Àkókò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́: oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni, nígbà tí òjò ń rọ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni áàpù tí à ń lò fi hàn wá lójú fóònù, orúkọ náà kò sì sọ ju “Omi” lọ.

Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, tí à ń tẹ̀lé àwọn àgbà lọ sóko, bí ẹni iwájú bá dé oríta, a já ewé, a fi dí ọ̀nà tí kò yẹ kí a gbà. Ọ̀nà tó rọrùn nìyẹn, ṣùgbọ́n ewé náà ní ohun tí nọ́ńbà wa kò ní. Bí ó bá ṣì tutù, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ pé ará iwájú kò tíì jìnnà. Bí ó bá ti rọ, ó mọ̀ pé wọ́n ti kọjá tipẹ́. Bí ó bá ti gbẹ kúrúkúrú, yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbára lé e. Ewé fúnra rẹ̀ ni déètì. Nọ́ńbà tí a fi ránṣẹ́ lórí fóònù kì í rọ, kì í gbẹ. Bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ni yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bí odò tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ ti di ojú títì.

Àwọn tí wọ́n ń rìn jìnnà jù wá lọ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pacific Crest Trail, ó gùn tó nǹkan bí 4,265 kìlómítà láti ẹnubodè Mẹ́síkò dé ti Kánádà, ó sì máa ń gba àwọn mìíràn tó oṣù márùn-ún láti rìn ín tán. Ní ìhà gúúsù rẹ̀, nínú aṣálẹ̀ California, omi ṣọ̀wọ́n gan-an, ibùdó omi kan sì lè jìnnà sí èkejì ju ìrìn òòjọ́ kan lọ. Nítorí náà ni àwọn arìnrìn-àjò ibẹ̀ fi ń kọ ìròyìn omi fún ara wọn: ibi báyìí, ọjọ́ báyìí, ó ń ṣàn, ibi báyìí, ọjọ́ báyìí, ó ti gbẹ. Ará iwájú tó jìn sí kòtò ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ó bá sọ ibi tí kòtò wà àti ọjọ́ tí ó jìn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tún èrò kan ṣe, nítorí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa lójoojúmọ́. Wọ́n gbà pé bí dátà bá ti tán, GPS náà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì tí Amẹ́ríkà fi ṣe é, tí kò yẹ kí ó dín ní 24, ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè wa, wọ́n ń kéde aago tó lù, fóònù a gbọ́ wọn, a sì fi ìyàtọ̀ àkókò náà ṣírò ibi tí ó wà. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ti mẹ́rin ó kéré tán: mẹ́ta fún ibi tí a dúró sí, ẹ̀kẹrin fún títún aago fóònù fúnra rẹ̀ ṣe, nítorí aago tiwa kò péye bí ti òkè. Ọ̀fẹ́ ni gbígbọ́ náà. Orí máàpù ni dátà ń bá lọ, bí a bá sì ti gba máàpù sórí fóònù láti ilé, a lè pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí bátìrì lè pẹ́. Lábẹ́ òfuurufú gbalasa, fóònù kì í sábà ṣì ju nǹkan bí mítà 5 lọ. Lábẹ́ igi kòkó tó ṣú, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta gàgàrà bí ti Olúmirìn, ìró náà á kọ́kọ́ kọlu àpáta kí ó tó dé etí fóònù, àmì wa á sì máa ta kiri bíi tata lójú máàpù; ẹni tó bá fẹ́ sàmì síbẹ̀, kí ó ní sùúrù, kí ó dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kò yẹ kí ìmọ̀ yìí jẹ́ àjèjì sí wa rárá. Láti ọdún 1972 ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní RECTAS, tí ó ti di AFRIGIST nísinsìnyí, ti wà nínú ọgbà yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní ìmọ̀ yíyàwòrán ilẹ̀, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí Iléṣà ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà lọ. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ṣáájú oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìró GPS rú fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe ológun, tí àṣìṣe rẹ̀ fi lè tó 100 mítà, kí Ààrẹ Clinton tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a dúró. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bínú sí mítà 5 lónìí kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa kò ti ọ̀run wá, ọwọ́ wa ló ti ń wá. Nọ́ńbà méjì ni àmì kan jẹ́: èkíní sọ bí a ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, èkejì sọ bí a ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich ní ìlú London kọjá. Dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 34 kì í ṣe 7.34, nítorí pé ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírì kan, 7.567 ni. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún wa gba ibì kan lórí òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, dígírì 7 ìṣẹ́jú 34 sí àríwá, dígírì 4 ìṣẹ́jú 54 sí ìlà-oòrùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí fóònù rẹ̀ ní 7.34 àti 4.54. Fóònù kò bá a jiyàn. Ó gbé e lọ sí gúúsù Ilé-Ifẹ̀, nǹkan bí kìlómítà 47 sí ibi tí ó fẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa fi dígírì àti ojúàmì nìkan máa kọ ọ́, bíi 7.56667, kí nọ́ńbà márùn-ún sì wà lẹ́yìn ojúàmì náà, nítorí ẹ̀karùn-ún yẹn dúró fún nǹkan bí mítà kan, nígbà tí ẹni tó bá dúró sí ẹ̀kẹta ti fi ilẹ̀ tó nǹkan bí 110 mítà sílẹ̀ fún wa láti máa wá kiri. Ẹni tó bá sì ń yọ nọ́ńbà láti ara àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí ìjọba tẹ̀, kí ó rántí pé ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Minna ni wọ́n fi wọn púpọ̀ nínú wọn, GPS sì ń lo ìpìlẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ WGS 84; ibì kan náà yóò ní nọ́ńbà méjì tí kò bára mu.

Bẹ́ẹ̀ ni fóònù kò mọ òkè, kò mọ ọ̀gbun. Okùn tààrà ló ń ta láti ibi tí a dúró dé ibi tí à ń lọ. Láàárín ìpele kan sí èkejì lójú omi yẹn, fóònù mi ní mítà 80 ló kù. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò, àwọn ọ̀dọ́ sì di apá mi mú lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, àmì nìkan kò tó níbi tó bá rí báyẹn. Kí ẹni tó ti rìn ín fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, èyí tí fóònù ń fà bí okùn lẹ́yìn ẹni bí a ṣe ń rìn, kí a lè rí ibi tí ó ti yípo.

Èyí tó dùn mí jù ni àmì kọkànlá nínú àkójọ náà. “Ibùdó àgọ́” ni wọ́n pè é. A dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, inú àwọn ọmọ sì ti ń dùn, nítorí ilẹ̀ náà tẹ́jú, ó mọ́, igi ńlá kan sì ṣíji bò ó. Èmi ni mo rí màrìwò tí wọ́n so mọ́ ara igi náà, ó ti gbẹ, ó sì ti ń já bọ́. Ilẹ̀ tí ó bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín igbó, ẹnì kan ló gbá a. Ojúbọ ni. Ẹni tó sàmì síbẹ̀ rí ilẹ̀ gbígbá, kò rí ẹni tó gbá a, ó sì ti fi ibẹ̀ lé ọwọ́ gbogbo ẹni tó ní fóònù. Màrìwò náà ti sàmì sí ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ohun tí ó sì ń sọ ni pé kí àlejò má wọlé. A kó ẹrù wa, a lọ sùn sórí àpáta, ara mi kò sì gbé e dáadáa títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Bákan náà ni mo rí i fún igi oyin, ahéré àgbẹ̀ àti ibi tí ọdẹ ń dẹ pàkúté sí: kí a béèrè ná.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò gba àlàyé púpọ̀ lásìkò tí a wà yìí. Kí a fi ọ̀nà tí a fẹ́ gbà sílẹ̀ fún ẹni méjì tí a fọkàn tán nílé kí a tó gbéra, ṣùgbọ́n kí a má gbé e síta fún gbogbo ayé títí a ó fi padà. Ní ọdún 2013, obìnrin kan tó ń rin Appalachian Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ mìíràn ní Amẹ́ríkà, yà kúrò lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Maine, kò sì rí ọ̀nà padà. Ó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí yóò gbé e, ọdún 2015 ni wọ́n sì tó rí òkú rẹ̀. Fóònù lè mọ ibi tí ó wà láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ bá mi fi èyí síta fún àwọn tí àkójọ àmì mẹ́tàdínlógún ti Ẹ̀rìn sí Ẹ̀fọ̀n bá wà lórí fóònù wọn, nítorí ó ti tàn kálẹ̀. Àmì karùn-ún, ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí “Omi, ìgbà òjò nìkan”. Àmì kọkànlá, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí pé kí òun náà pa tirẹ̀ rẹ́. Omi tí ìyá yẹn fi hàn wá, mo ti sàmì síbẹ̀, déètì àti àlàyé sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n inú oko ẹnì kan ló bọ́ sí, n kò sì ní fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni títí n ó fi padà lọ bá àwọn tó ni oko náà sọ̀rọ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsọ̀kùn, Iléṣà.